Màmá Wa Nínú Àpótí Gíláàsì

Ẹ̀gbọ́n mi, inú ṣì ń bí mi. Mo lálàá pé mo wọ mùsíọ́ọ̀mù ìlú wa, mo sì bá Màmá wa nínú àpótí gíláàsì, wọ́n ń hun aṣọ òfì. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sára gíláàsì náà pé: “Ahunṣọ kan. A kò mọ orúkọ rẹ̀.”

Mo pariwo mọ́ ọ̀gá ibẹ̀: “Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ wọn! Ìyá tó bí mi ni!”

Ó ní, “Ẹ rọra o, ẹrù ìjọba ni.”

Mo já bírò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń kọ orúkọ Màmá síbẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni lẹ́tà ń já bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin náà sì ń fi ìgbálẹ̀ gbá wọn síta. Màmá ṣáà ń wò mí. Mo já ìgbálẹ̀ náà gbà, mo gbé e sókè kí n là á mọ́ ọn lórí, ni mo bá ta jí.