Ìwádìí Ìdílé Ìyàwó

Kí n tó bú ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi: ẹnu mi ló kó bá mi. Saikolójíìsì ni mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń tọ́jú àwọn tí ìbànújẹ́ dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo pa àṣírí gbogbo wọn mọ́, àfi tèmi. Ìdí ẹ̀pà sísè ni mo jókòó sí nílé Sìlífátù, ọ̀rẹ́ mi ní Ìjẹmọ̀, tí mo fi sọ fún un pé lẹ́yìn tí mo bí Miriam, oṣù mẹ́jọ ni èmi náà fi lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì. Ìdí ńlá, ọgbọ́n bíńtín!

Nígbà tí ìdílé àfẹ́sọ́nà Miriam wá ṣe ìwádìí wa, ọ̀dọ̀ Sìlífátù ni wọ́n yà sí. Ó ní, "Ìyá ọmọ yẹn? Wèrè tó ń tọ́jú wèrè ni." Wọn kò padà wá mọ́.

Mo ṣe sùúrù fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, Bàrákátù, ọmọbìnrin kan tí mò ń tọ́jú, dé sí ọ́fíìsì mi ní Adígbẹ. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kan, kò ní í sùn, á máa kọrin, á máa rajà kiri. Bó bá di òmíràn, wíwẹ̀ gan-an á di iṣẹ́. Mo ní kó wọ yàrá inú lọ kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí lójoojúmọ́ sínú ìwé. Kò pẹ́, ìyá ìyá rẹ̀ yọ, ó fi ìborùn bojú bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Sìlífátù!

"Péjú, ìdílé Mùs'áb tó fẹ́ fẹ́ Bàrákátù ti gbọ́ pé ó ń wá síbí. Ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí ní Sátidé. Jọ̀ọ́, dákun, bò mí láṣìírí."

Àṣírí aláìsàn kò ní í jáde lẹ́nu mi láéláé. Ṣùgbọ́n òun kò mọ̀, n kò sì sọ fún un.

"Kí lo sọ fún àwọn ìdílé àfẹ́sọ́nà Miriam lọ́jọ́sí?"

Ó kúnlẹ̀. "Wèrè… tó ń tọ́jú wèrè."

"Sókè! Etí ti di."

"Wèrè tó ń tọ́jú wèrè ni!"

Áà, ó dùn mọ́ mi! Mo rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Inú dídùn náà ni kò jẹ́ kí n rántí ẹni tó wà ní yàrá inú.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàrákátù dúró, ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Kò wo ìyá ìyá rẹ̀. Èmi ló ń wò.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ sókè?"