Ojú Mi Lára Òkúta Dragomir

Ọjọ́ Ajé ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi ní ọsibítù ìgboro. Láti ibùdókọ̀ ni mo ti gba ilé ẹ̀kọ́ lọ tààrà. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan tí n kò sí, eruku á ti gba ilé. Tijana, ọmọ ọdún méjìlá, ló kọ́kọ́ rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mama Kosara," ó ní, "ẹ ti kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

N kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà Olivera sáré jáde, ó ń tẹ èjìká mi bí ẹni tó ń wò ó bóyá búrẹ́dì ti jinná. Ó mú mi wọ kíláàsì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ròyìn rẹ̀ fún mi.

Ní Serbia níbí, tí ọkọ bá kú, a máa ń gbẹ́ ojú àti orúkọ ìyàwó pọ̀ mọ́ tirẹ̀ sára òkúta sàréè. Ọdún tí wọ́n bí i á wà níbẹ̀, àyè ọdún tó máa kú á sì ṣófo. Ojú mi ti wà lára òkúta Dragomir, ọkọ mi, láti ìgbà ooru. Mo máa ń kí ara mi tí mo bá lọ bomi rin òdòdó. Ṣùgbọ́n Vienna ni wọ́n bí Tijana sí, kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Ní Sátidé àwọn òkú, tí gbogbo abúlé gbé àlìkámà sísè àti ọtí lọ sí itẹ́ òkú, ó rí ojú mi lára òkúta. Ó rántí pé n kò wá síṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ kan, ó sì sunkún. Ó tan àbẹ́là, ó to òdòdó síwájú òkúta, òdòdó sì bo àyè tó ṣófo. Ó ya fọ́tò, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ sùn re, Mama Kosara," ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kíláàsì wọn lórí fóònù. Láti ibẹ̀ ó dé gbogbo abúlé, ó sì dé òkè òkun. Àwọn tó mọ̀ pé mo wà ní ọsibítù ló tètè gbà á gbọ́ jù.

"Miodrag ńkọ́?" mo bi wọ́n. Ọmọ mi kan ṣoṣo nìyẹn, Vienna ló ń gbé.

Tíṣà wolẹ̀. "Ó pe Stamena aládùúgbò yín ní ìdájí. Ó ní òun ti wà lójú ọ̀nà."

Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ẹkún ló fi wakọ̀ wálé, ó sì lọ fi mọ́tò gbá irin ẹ̀gbẹ́ títì ní Họ́ngárì. Àpá rẹ̀ ṣì wà níwájú orí rẹ̀.

Fóònù mi ti kú láti ọjọ́ Jímọ̀, nítorí mo gbàgbé ṣájà sílé. Tíṣà bá mi fi ṣájà tirẹ̀ sí i. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń dún, kò gbé e. Tíṣà pè é, kò gbé e.

Tijana ti mú fóònù tirẹ̀ jáde. "Mo fẹ́ pa á rẹ́, Tíṣà. Ó máa tán pátápátá."

"Dúró. Fọ́tò lo máa pa rẹ́, o ò tíì jí Mama Kosara dìde. Àwọn tó ti kà á ṣì gbà pé Mama ti kú."

Tíṣà kọ orúkọ Tijana sójú pátákó, ó fa ọfà láti ibẹ̀ lọ sí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. "Lazar, ta ni ìwọ fi ránṣẹ́ sí?"

"Àǹtí mi ni."

"Ṣé o kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni bóyá òótọ́ ni?"

"Rárá, Tíṣà. Mo fi àbẹ́là mẹ́ta kún un ni."

Pátákó kún bí gbòǹgbò igi. "Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú yín," Tíṣà wí. "Ẹ kàn fi ránṣẹ́ ni. Ẹ gba ọ̀nà tí ẹ gbà lọ padà. Ẹ kọ ọ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ fún pé àṣìṣe ni, kí àwọn náà sọ fún ẹni tí wọ́n fún. Ẹni tó bá dáhùn, ẹ máàkì ọfà rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó máa pa á rẹ́."

Tijana gbé fóònù sókè sí mi, ló bá dáwọ́ dúró. "Mama, ṣé kí n yà yín fún Búrọ̀dá Miodrag?"

"Yà mí."

"Ó lè rò pé fọ́tò àtijọ́ ni," Lazar ní.

"Ẹ kọ nǹkan sójú pátákó," Tíṣà sọ fún mi. "Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yín."

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mí nígbà tí Tíṣà kọ́ mi níwèé, nínú kíláàsì yìí kan náà, tí mo bá ti gbálẹ̀ tán. Miodrag ni mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí. Ó ní ìwé mi dà bí ọgbà tí ewúrẹ́ ti jẹ káàkiri. Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo kọ ọ́ pé: "Miodrag, èmi ìyá rẹ ni. Òní Ọjọ́ Ajé ni mo kọ èyí. N kò kú. Rọra wakọ̀." Mo dúró tì í pẹ̀lú báńdéèjì lójú.

Tijana yà á, ó gbé e wá fún mi. "Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Fi ránṣẹ́."

Aago ìsinmi lù, kò sẹ́ni tó jáde. Àwọn ọmọ ń tẹ fóònù, wọ́n ń máàkì ọfà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá ni fóònù mi dún.

"Mama."

"Èmi ni."

"Ẹ kọ ọ́ wọ́."

"Ojú kan ni mo fi kọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Ilé epo kan ló ti yà láti ra omi kó tó rí i. "Mo rí orúkọ yín tó ń pè mí. Mo rò pé nọ́ọ̀sì ni, pé kí n wá kó ẹrù yín. N kò lè gbé e."

"Jókòó síbẹ̀. Mu kọfí. Má tíì wakọ̀."

"Mo ti gbọ́, mà."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré àwọn ọmọ, mo sì mí kanlẹ̀.

Nígbà tí mo délé, kọfí àti ṣúgà tí wọ́n kó wá bá mi ṣọ̀fọ̀ ti kún ẹnu géètì. Stamena kọ̀ láti gba tirẹ̀ padà. "Máa mu ún," ó ní. "Ìwọ lòkú àkọ́kọ́ tó máa tọ́ kọfí ara rẹ̀ wò."

Ìrọ̀lẹ́ ni Miodrag dé, láìfarapa. Tijana wà ní ilé wa nígbà náà, ó sá sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

"Ìwọ lo pa ìyá mi?" Miodrag bi í.

"Èmi náà ni mo jí wọn dìde."

Miodrag bu kọfí fún un, ó sì bu ṣúgà púpọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ nu pátákó. Gbogbo ọfà ló ti ní máàkì àfi èyí tó lọ sọ́dọ̀ àǹtí Lazar, tí kò tíì dáhùn. Mo nu gbogbo ìyókù, mo fi ìyẹn sílẹ̀.