Ọmọ Genys

Elzė ń fi aṣọ tútù nu òkúta pẹlẹbẹ tó bo ibojì ẹbí rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí orúkọ tuntun tí wọ́n fín sábẹ́ orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Elzė Genienė. Elzė, ìyàwó Genys.

Ó tún un kà. Kò yí padà.

Ọ̀la ni gbogbo ìlú máa gbé àbẹ́là wá síbi àwọn òkú wọn. Ó ti bẹ Vidmantas afínkúta pé kó fín orúkọ òun síbẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, nígbà tí òun ṣì wà láàyè. Ta ló fẹ́ bá a fín in tó bá kú? Òun nìkan ni wọ́n bí, àwọn mọ̀lẹ́bí yòókù ti kó lọ sí Ireland tán.

Ní èdè wọn, Genys ni àkókó, ẹyẹ tó ń kan igi. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé káfíńtà ni baba ńlá àwọn, kì í jẹ́ kí aládùúgbò sinmi, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní àkókó. Aya ilé náà ń jẹ́ Genienė. Ọmọbìnrin ilé náà tí kò tíì wọlé ọkọ ń jẹ́ Genytė, ọmọ Genys. Elzė jẹ́ Genytė títí ó fi hewú. Tí wọ́n bá pe orúkọ yẹn ní ọsibítù, àwọn èèyàn á máa wọ̀nà fún ọ̀dọ́mọdébìnrin, arúgbó á wá dìde. Ó máa ń dùn ún wọ akínyẹmí ara.

Ibojì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni Vidmantas ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Elzė fi àṣìṣe náà hàn án, ó ṣí fìlà.

“Ẹ má bínú, Mọ́mì. Pẹ̀lú ọjọ́ orí yín, mo rò pé…”

“Pé ẹnì kan á ti fẹ́ mi.”

Vidmantas wolẹ̀. Ó ṣàlàyé pé òkúta kì í ṣe bébà, pé tí òun bá họ ọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ á jìn, omi á sì máa dúró sí i. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ta ló máa mọ̀?”

Lóòótọ́, ta ló máa mọ̀? Àwọn tó bá ń kọjá á rò pé ẹnì kan ti bá a jẹun alẹ́ rí lójoojúmọ́. Ó wu Elzė gan-an. Díẹ̀ ló kù kó gbà.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àbẹ́là kalẹ̀, ó wá ka òkúta náà látòkè bí àlejò ṣe máa kà á. Juozas Genys. Ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ẹlòmíràn. Ó wá ọmọdébìnrin tí bàbá máa ń gbé lé èjìká wọ inú igbó lọ wo àkókó, kò rí i. Bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí kò bímọ rí.

“Họ ọ́ kúrò,” ó ní. “Kí o fín Genytė síbẹ̀.”

“Omi á máa dúró síbẹ̀ o.”

“Jẹ́ kó dúró. Ẹyẹ á máa mu ún.”

Vidmantas lọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Elzė jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó káwọ́ sínú kóòtù, ó ń wo eruku òkúta tó ń fò. Kò sí ẹni tó máa pè é lọ́mọ mọ́ láyé yìí, àfi òkúta yẹn.