Ilé Tí Wọn Ò Ti Mọ Nǹkan Kan

Kí aago tó lu mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Bàbá Tẹlifóònù á ti wẹ̀, á ti wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀ tó mọ́, á sì ti gbé àga kejì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wá sídìí tábìlì. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, aṣọ ló máa ń wà lórí àga náà, nítorí kò sí ẹni tó ń jókòó sí i.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tẹlifóònù, nígbà tó jẹ́ pé ènìyàn ló ń so ènìyàn pọ̀. Á jókòó síwájú pátákó gbàǹgbà kan tó kún fún ihò, á de ohun ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí, iná kékeré kan á tàn, á sì wí pé, "Ẹ káàárọ̀, ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?" Kí onítọ̀hún tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó ti mọ ohùn rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ara ìyá rẹ̀ ò yá, ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣèdánwò, á sì kọ́kọ́ béèrè wọn kó tó ki okùn bọ ihò. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wọlé, gìrìwò bíi kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní òun ni yóò máa so wọ́n pọ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Wọ́n fún Bàbá Tẹlifóònù ní aago ògiri kan, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó wálé. Bí ẹnì kan bá wà láyé yìí tó mọ èrò ọkàn ara rẹ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, òun ni. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Síbẹ̀, fún oṣù mẹ́jọ gbáko, ohun tó ń sọ fún Oníbéèrè ni pé òun ò tíì mọ̀.

Oníbéèrè ni orúkọ tí Bàbá sọ obìnrin tó ń wá bá a lọ́sẹ̀ méjì méjì. Àjọ kan ló gbà á síṣẹ́ pé kó máa lọ láti ilé dé ilé, kó máa béèrè lọ́wọ́ aráàlú ohun tí wọ́n rò nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, tó ń kọ̀wé, tó ń dáhùn bí ènìyàn. Ìbéèrè mẹ́wàá ni. Ṣé ẹ fọkàn tán an? Ṣé ẹ lè jẹ́ kó tọ́jú aláìsàn yín? Ṣé ó dára kó máa ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe? Ìdáhùn mẹ́ta péré ló wà nínú ìwé rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò tíì mọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó gun àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́rin dé òkè, ó ń mí gúlegúle. Síbẹ̀, kó tó yọ fáìlì, ó rí bí Bàbá ṣe di ẹsẹ̀ mú kó tó jókòó, ó sì ní, "Bàbá, orúnkún yín ńkọ́? Òsì ni àbí ọ̀tún?" Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ìyàwó Bàbá ti kú, láti ìgbà náà kò sì sí ẹni tó béèrè orúnkún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní ọ̀nà jíjìn ń gbìyànjú tirẹ̀, àmọ́ àwòrán ẹ̀rín kéékèèké ló máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, èèyàn kì í sì í bá àwòrán ẹ̀rín sọ̀rọ̀ orúnkún.

Bàbá dáhùn ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ wàrà wàrà, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹni ń pa eṣinṣin. Nígbà tó kan ìkẹta, ó béèrè pé ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ńkọ́. Obìnrin náà ní àṣẹ ọ̀gá àwọn ni pé kí òun padà sọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá lọ ronú, á mọ̀.

"Pa méjì àkọ́kọ́ yẹn rẹ́, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Mi ò tíì mọ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oníbéèrè á dé, á béèrè orúnkún, á mu tíì, á sọ ti bàtà rẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, àti ti yàrá kan ṣoṣo tí òun náà ń dá gbé. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fáìlì. Bàbá á fajú ro, á fọwọ́ lérán bí adájọ́, nígbà míì á ní kó tún ìbéèrè náà kà, torí kó lè gbọ́ ohùn ènìyàn nínú yàrá yẹn sí i ni. Lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn, á ní òun ò tíì mọ̀.

Ká ní ó mọ ẹnu ara rẹ̀ í pa mọ́ ni, ì bá sàn. Ìyá Ìsàlẹ̀, opó kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé náà, ló bá a lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó ń ráhùn pé Oníbéèrè ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lọ́dọ̀ òun, kò sì padà wá. Ni Bàbá bá tú àṣírí fún un. Ìyá Ìsàlẹ̀ ní kí Oníbéèrè pa ìdáhùn òun rẹ́, ó sì sọ fún Awakọ̀, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Kí oṣù méjì tó pé, kò sí ẹni tó tún mọ nǹkan kan nílé náà mọ́. Awakọ̀, tó ń bá rédíò jiyàn láràárọ̀, ní òun ò tíì mọ̀. Ẹ̀yin náà á máa rò ó pé kí ló dé tí wọn ò kúkú máa bẹ ara wọn wò. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ìgbà tí ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín kẹ́yìn.

"Ilé yín yìí mà le o, Bàbá," ni Oníbéèrè wí lọ́jọ́ kan. "Àgbà ni gbogbo yín, kò wá sẹ́ni tó mọ nǹkan kan." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fi ṣúgà sí tíì rẹ̀. Kò wo ojú obìnrin náà dáadáa láti mọ̀ bóyá ẹ̀rín wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú kan lẹ́yìn ìyẹn, Oníbéèrè wá láìgbé fáìlì dání, àfi ìwé ẹyọ kan. Ó béèrè orúnkún, ó jókòó. Ó ní àwọn ọ̀gá ti yẹ ìwé òun wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń kó ìdáhùn tó pé wá, àmọ́ ìwé ilé yìí, bó ṣe lọ ló ṣe ń padà. Wọ́n ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń bi ènìyàn ní ìbéèrè. Òní ni òun ṣe é mọ. Ẹ̀rọ ni yóò máa pe àwọn ènìyàn lórí fóònù. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í gun àtẹ̀gùn.

"Ẹ̀rọ ni yóò máa bi wá léèrè ohun tí a rò nípa ẹ̀rọ?"

"Òun ni, Bàbá."

Ó yẹ kí Bàbá ní òun lòun parọ́, òun lòun kọ́ gbogbo ilé. Àmọ́ bó bá sọ ọ́, obìnrin yìí á mọ̀ pé irọ́ lòun ń gun àtẹ̀gùn wá bá fún oṣù mẹ́jọ, á sì wò ó bí wọ́n ṣe ń wo òpùrọ́. Ojú kan ṣoṣo tó ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́ láyé nìyẹn. Ẹnu tó tú níbi tó yẹ kó dì, ó wá dì níbi tó yẹ kó tú. Oníbéèrè fọ ife rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kọ nǹkan díẹ̀ sínú ìwé ẹyọ kan náà lórí tábìlì, ó dágbére, ó lọ. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi pé méjìléláàádọ́rin.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e burú. Kò fẹ́ jẹun, ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kó sinmi. Ó pinnu pé bí ẹ̀rọ yẹn bá pè, gbogbo òtítọ́ lòun máa dà sí i létí, lẹ́yìn náà òun á wá fún un ní bẹ́ẹ̀ kọ́ mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí òkò. Ó fi kọ́ra níwájú dígí. Nígbà tí Ọjọ́rú pé, ó wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù funfun, àmọ́ kò gbé àga kejì. Kí ni ohùn fẹ́ fi àga ṣe?

Aago mẹ́rin lù, fóònù dún.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Èmi ni ẹ̀rọ tí àjọ náà ní kó máa pè yín."

Ohùn náà tutù, ó já gaara. Ọ̀gá tẹlifóònù ni Bàbá, ó tẹ́tí gbọ́ èémí tí gbogbo ènìyàn máa ń mí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kò sí níbẹ̀.

"Wí tìẹ," ló dáhùn.

"Orúnkún òsì yín ńkọ́?"

Gbogbo ohun tó ti há sórí fò lọ. Ó béèrè ẹni tó sọ fún un pé òun ní orúnkún. Ohùn náà ní obìnrin tó ń wá tẹ́lẹ̀ ló kọ ọ́ sídìí ìwé Bàbá, ó sì béèrè bóyá kí òun kà á. Bàbá ní kó kà á.

"Ó kọ ọ́ báyìí pé: Ẹ kọ́kọ́ béèrè orúnkún wọn, òsì ni. Ẹ má kán wọn lójú. Wọ́n á ní àwọn ò tíì mọ̀. Wọ́n mọ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni mo ti mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ṣáà máa padà wá."

Bàbá Tẹlifóònù bú sẹ́kún. Gbogbo ìgbà tó fi ń fajú ro, tó ń fọwọ́ lérán, obìnrin yẹn mọ̀. Ì bá ti fi bẹ́ẹ̀ kọ́ kún ìwé náà ní ìṣẹ́jú kan kó sì fi gba iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún padà wá gun àtẹ̀gùn. Ohùn inú fóònù ń dúró dè é. Kò kán an lójú.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo parọ́."

"Mo ti kọ ọ́, Bàbá."

"Ta ló máa kà á?"

"Mi ò mọ̀."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dá a lóhùn láìfi nǹkan pa mọ́ báyẹn. Bóyá ìyẹn ló fà á tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti orúnkún: bó ṣe ń dùn ún láàárọ̀, bí àtẹ̀gùn ṣe di òkè lójú rẹ̀, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń fi aṣọ gbígbóná dì í. Ohùn náà ń gbọ́, ó sì ń béèrè ohun tó yẹ ní bíbéèrè. Nígbà tí Bàbá sọ tán, ohùn náà wá bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́, pé ṣé ó fọkàn tán ẹ̀rọ.

Bàbá wá bẹ́ẹ̀ kọ́ rẹ̀, èyí tó ti tọ́jú láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba pátákó lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí i. Nǹkan yìí ló gba iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ló lé Oníbéèrè lọ, òun náà ló sì ń fi ọ̀rọ̀ Oníbéèrè béèrè orúnkún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò tíì mọ̀," ló wí. Lóṣù kẹsàn-án yìí, kò parọ́.

Ó fún ìbéèrè mẹ́sàn-án tó kù ní ìdáhùn kan náà. Ohùn náà ní kò burú, òun á tún pè lọ́sẹ̀ méjì òní, ó sì dágbére. Bàbá gbé fóònù sílẹ̀. Ó dìde, ó kó aṣọ kúrò lórí àga kejì, ó gbé e wá sídìí tábìlì, ó sì jókòó síwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bọ̀.