Ìdánwò Àárọ̀ Dalẹ́

Kí obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onírúlà tó jókòó, ó ti gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lé àtẹ́lẹwọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù àlòkù. Ó fi ìka kan ṣí ìdérí rẹ̀, ó fi ìka kan náà pa á dé. Àgbékọ́ rẹ̀ kò dún, kò sì mì. Ó gbé etí lé ìdí rẹ̀, ó gbọ́ bí fáànù inú ẹ̀ ṣe ń mí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ?"

Ọ̀gá Atúnṣe ló sọ bẹ́ẹ̀, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ra àlòkù kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́, kó tú u palẹ̀, kó pààrọ̀ ohun tó gbó níbẹ̀, kó sì tún un tà.

"Tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni, ǹ bá ti béèrè ìdílé ẹ̀." Onírúlà tọ́ka sí pátákó tó wà lára ògiri: *Ẹ dán an wò títí ọkàn yín á fi balẹ̀.* "Ọkàn tèmi kì í sì í tètè balẹ̀ o."

"Ẹ dán an wò dalẹ́ tó bá wù yín. Ọjà mi ò ní àbùkù."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Eléyìí ti fọ́ sílẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ ni kò tíì mọ̀.

Àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù ni Onírúlà máa ń yà fún àwọn káfíńtà. Pákó kan kò gbọdọ̀ kan ayùn àyàfi tó bá ti wà nínú àwòrán rẹ̀. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń ya ilé ìdáná ńlá kan. Káfíńtà tó gbé iṣẹ́ náà fún un sì ti sọ ọ́ kedere: bí àwòrán kò bá dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíì ló máa gbé e fún. Owó iṣẹ́ yìí gan-an ló fẹ́ fi ra ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti bẹnu àtẹ́ lu àlòkù: "Wàhálà ẹlòmíì lo fẹ́ fowó ẹ rà yẹn." Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò fi kọ́bọ̀ kún un kó lè ra tuntun.

Onírúlà yọ tìmùtìmù nínú báàgì, ó fi sórí àga. Ó fa àwòrán rẹ̀ jáde látorí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tó tọ́jú rẹ̀ sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Atúnṣe na ọrùn. "Kọ́bọ́ọ̀dù ta nìyẹn?"

"Kọ́bọ́ọ̀dù ìdánwò ni."

"Ó mà ní ilẹ̀kùn púpọ̀ o."

"Ẹ̀rọ tí ò bá lè gbé ilẹ̀kùn, ọ̀gá mi, ṣé àjà ló máa wá gbé?"

Ó yọ ṣájà kúrò kó lè mọ bí bátìrì ṣe lágbára sí. Kò tíì ya dúrọ́ọ̀ kan tán tí ojú ẹ̀rọ fi ṣókùnkùn biribiri. Ó dára pé ó ti ń tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ.

"Ọjà tí ò ní àbùkù nìyí?"

Ọ̀gá Atúnṣe họ orí. Ó tú ìdí ẹ̀rọ, ó sì fi bátìrì míì sí i lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí bàbá kan fi wọlé, tó ń wá kọ̀ǹpútà tí ọmọ rẹ̀ máa lò nílé ìwé.

"Ṣé kì í ṣe pé àtúnṣe yìí máa kú mọ́ wa lọ́wọ́?"

"Ó lè kú o," ni Onírúlà dáhùn láì gbójú sókè. "Tèmi ti kú lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ yìí, wọ́n sì jí i. Ẹ lò ó níbí láìsí ṣájà kẹ́ ẹ tó sanwó."

Ọ̀gá Atúnṣe wò ó bíi kó gbé e mì. Àmọ́ bàbá náà jókòó, ó dán tirẹ̀ wò, ó sì rà á.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù Onírúlà dún. Ohùn káfíńtà kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù: "Àwòrán mi dà? Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú o!"

"Ó ti ń bọ̀ o."

Ọ̀gá Atúnṣe gbé ọwọ́ lé ìdérí ẹ̀rọ. "Hẹn-ẹn! Ìdánwò rèé! Ẹ ti sọ ṣọ́ọ̀bù mi di ọ́fíìsì!"

"Ẹ má pa á dé, ẹ jọ̀ọ́. Ó ku ilẹ̀kùn méjì péré. Tí káfíńtà bá sanwó, ẹ̀rọ yìí náà ni mo máa rà."

"Tí kò bá san ńkọ́?"

"Ẹ ó ní ẹ̀rọ tẹ́nikẹ́ni ò lè sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ìdánwò náà ló ṣáà mú bàbá yẹn rà."

Ọ̀gá Atúnṣe mú ọwọ́ kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fa ṣájà yọ lára ògiri. "Ó dáa. Bátìrì mi ni ká jọ dán wò báyìí. Ẹ yà á!"

Onírúlà yà á. Ilẹ̀kùn kìíní bọ́ sáyè, ìkejì tẹ̀ lé e, àgbékọ́ wọn pé. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́, bátìrì kò sì mì.

Káfíńtà tú u wò pákó sí pákó, ó ní kò sí ohun tó kù. Ó sanwó lójú ẹsẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù yàrá òkè ilé náà lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá Atúnṣe gba owó tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò tíì kúrò lórí tábìlì rẹ̀ tó fi ra ara rẹ̀ fún Onírúlà.