Bí Èjìdé Ṣe Wádìí Àáfà Mẹ́ta

Ní gbogbo Ìsẹ́yìn, kò sí alárenà tó tó Èjìdé. Bí ìdílé kan bá fẹ́ gbé ìyàwó fún ọmọ wọn, òun ni wọ́n ń rán lọ wádìí: ṣé wọn kì í ya wèrè nílé ọmọbìnrin náà, ṣé wọn kì í jalè, ṣé ìyá rẹ̀ kì í ṣe oníjà. Ogójì ìgbéyàwó ló ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Mẹ́ta péré ló tú, ẹjọ́ àwọn ọkọ sì ni, bí òun ti wí.

Nígbà tí Sàláúdéènì ọmọ ọmọ rẹ̀ ka Kùránì tán, tó ní òun fẹ́ lọ kọ́ àwọn ìwé ńláńlá n'Íbàdàn, pàápàá ìmọ̀ bí a ṣe ń pín ogún, Èjìdé ní àwọn jọ ń lọ ni. Ọmọkùnrin náà ní òun ti gbọ́ orúkọ àáfà mẹ́ta níbẹ̀, èyí tí òkìkí rẹ̀ bá pọ̀ jù lòun yóò mú. Inú bí ìyá àgbà. Òkìkí ni bàbá Sàláúdéènì náà tẹ̀ lé nígbà ayé rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ àáfà olókìkí kan lọ́nà jíjìn. Ìwé ló lọ kọ́, ebè ló kọ. Bí a bá sì ti fa ọmọ lé àáfà lọ́wọ́, àbùkù ni kí a tún lọ fà á yọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Èjìdé ṣe roko olóko títí, tó kú láì lè ka lẹ́tà kan já.

Rélùwéè ti dé Ìbàdàn nígbà náà, ṣùgbọ́n kò gba Ìsẹ́yìn kọjá, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín. Nígbà tí wọ́n gun òkè Màpó, tí Sàláúdéènì rí òrùlé lọ súà láìlópin, ó di aṣọ ìyá àgbà mú. Wọ́n wọ̀ sílé ìbátan wọn kan ní Ògùnpa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Èjìdé lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé àáfà àkọ́kọ́ lẹ́bàá Ọjà'ba. Kò wọlé tọ àáfà. Omi ló tọrọ nílé tó múlé tì í, kó tó mu omi náà tán, ó ti gbọ́ pé Ọjọ́bọ̀ nìkan ni àwọn ọmọ kéú ibẹ̀ ń ti oko dé. Ó dìde. Àáfà kejì, ti Bẹẹrẹ, kì í lo ọmọ lóko, ṣùgbọ́n ilé àwọn ìjòyè ló fi ṣe ibùjókòó, àdúrà níhìn-ín, sàráà lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ń kọ́ ara wọn.

Ó ku Àáfà Fàsásì ti Bẹyẹrúnká. Ilé mẹ́rin ni Èjìdé ti tọrọ omi nítorí tirẹ̀. Ṣé ó máa ń na ọmọ? Ṣé ìyàwó ilé ń fún wọn lóúnjẹ? Obìnrin kan ní ohùn Àáfà le o, ṣùgbọ́n ọmọ tó fọ wàláà rẹ̀ nù láì tíì mọ ohun tó kọ sí i ló máa ń fi ohùn náà bá wí. Èyí dùn mọ́ Èjìdé nínú ju oyin lọ.

Ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó mú Sàláúdéènì lọ. Wọ́n bá ẹní títẹ́ nílẹ̀ àti àwọn àgbà ilé ní ìjókòó, obì wà nínú àwo. Kúlúsúmù ìyàwó Àáfà kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, Àtọ́kẹ́ ọmọ rẹ̀ sì gbé omi wá, ó wọ aṣọ ọdún. Ara Èjìdé bù máṣọ. Àwọn ará àdúgbò ti gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, wọ́n ti lọ sọ pé alárenà kan ń wádìí ilé Àáfà láti fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ta ni yóò rò pé ilé ìwé ni ẹnìkan ń wádìí bẹ́ẹ̀?

Àáfà Fàsásì ní kí ọmọkùnrin náà sọ ohun tó wá wá. Sàláúdéènì dọ̀bálẹ̀, ó ní ìwé ni òun fẹ́ kọ́.

Àtọ́kẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ti le koko. Àáfà bi Èjìdé léèrè irú ẹni tó máa ń wádìí àáfà bí ẹni ń wádìí ìyàwó, Èjìdé sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá wọ́, Ìsẹ́yìn ló kù kí òun mú ọmọ padà sí. Ó kúnlẹ̀, ó ro ti ọmọ rẹ̀ tó kú fún wọn láì fi ohunkóhun pamọ́.

Àáfà ní iye ìwé tí òun mọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń béèrè, kò sẹ́ni tó béèrè rí bí òun ṣe ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Ó wá ní àwọn náà yóò wádìí. "Ìyá, kí ni àléébù ọmọ yín?"

Alárenà kì í sọ àléébù ọkọ ìyàwó. Ṣùgbọ́n Èjìdé sọ ọ́. "Oorun àárọ̀ ń dùn mọ́ ọn. Ó sì sọ fún àáfà rẹ̀ nílé, lójú gbogbo èèyàn, pé àáfà ṣìwé kà."

"Ṣé àáfà ṣì í kà lóòótọ́?"

"Ó ṣì í kà."

Àáfà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọmọ lọ gbé ẹrù rẹ̀ wá. Èjìdé wá fi Kúlúsúmù lọ́kàn balẹ̀ pé ọkọ Àtọ́kẹ́ di ọwọ́ òun, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ti pinnu láti dúró sí Ògùnpa, kó máa se oúnjẹ fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ sí Bẹyẹrúnká. Sàláúdéènì wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Àáfà ń ka ìwé, òun ń tẹ̀ lé e, kò tilẹ̀ rí i pé ẹnikẹ́ni wọlé. Èjìdé dúró pẹ́. Kúlúsúmù gba ẹrù lórí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Bí ọkọ àtìyàwó bá ti mojú ara wọn, ṣebí alárenà a máa yẹ̀bá ni?"

Èjìdé rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó lọ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní Ògùnpa, ó mú ọ̀nà Ìsẹ́yìn pọ̀n. Ogójì ilé ló ti yẹ̀bá fún tayọ̀tayọ̀, kò mọ̀ pé ó máa ń dunni tó bẹ́ẹ̀.