Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Kí Ẹnì Kejì?

“Tíṣà, ṣé mo lè initiate injínì?”

Akínlabí ló béèrè. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń tà ní Ládìpọ̀, ọ̀rọ̀ injínì kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Gbogbo kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín, àyàfi Beulah, tíṣà wọn. Àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ló ti ń kọ́ ní Yábà láti àárọ̀ kó tó wá síbí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ dé egungun.

“Rárá, sà. Start lẹ ó lò fún injínì. Initiate wà fún ọ̀rọ̀, ètò, ìpàdé, nǹkan tí ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Tí tọkọtaya bá ń bára wọn yan odì, ẹni tó bá kọ́kọ́ lahùn ló initiate ìparí ìjà.”

“Tó bá wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ńkọ́?”

“Àbúrò ni,” Beulah dáhùn, ojú sì tì í.

Òun àti Hilda, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n jọ ń gbé ilé bàbá wọn ní Sùúrùlérè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ó sì kọjá lára Hilda láìkí i.

“Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?” ni Hilda sọ.

Dípò kó kúnlẹ̀ kó bẹ̀bẹ̀, Beulah ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ mí.”

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ mọ́. Alágídí ni ìyá wọn, kò sì sí èyí tí kò jọ ọ́ nínú wọn. Lọ́la ni Níyì, ọmọ Hilda, ń bọ̀ wá kó ìyá rẹ̀ lọ sílé rẹ̀ ní Ìlúpéjú pátápátá. Ẹ̀rù àtidá gbélé ń ba Beulah gan-an.

Nígbà tó délé, Hilda ń di aṣọ sínú àpò ní pálọ̀. Beulah di àga mú, ó sì rọra kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà.”

Hilda ń di aṣọ rẹ̀ lọ. Beulah ò dìde.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí mi.”

“Dìde. Orúnkún ẹ ò dáa mọ́.”

“Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná.”

Hilda na ọwọ́ láti fà á dìde, àmọ́ kò sí agbára bẹ́ẹ̀ mọ́. Òun gan-an ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ta ni yóò gbé wa dìde báyìí?” Beulah béèrè.

Hilda ti ń tẹ fóònù.

“Níyì, má wulẹ̀ wá lọ́la mọ́,” ó ní. “Àbúrò mi ti kí mi.”